Ẹni Tó Ń Béèrè Wa: Kíláàsì Nínú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí ìjọsìn àti àjọṣe nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ìlú ńlá, pàápàá ní Èkó. Bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ìjọ náà, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yí rédíò yín. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yìí ń gbà mójú tó ara wọn kan gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú tí ayálégbé méjì lè jọ lo ọdún pípẹ́ nínú ilé kan náà láìmọ orúkọ ara wọn.

Ẹni tó bá gba Tinúbú kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò bá báńkì àti ọ́fíìsì ní títì, ariwo ọjà á sì ti rọlẹ̀. Níwájú Kàtídírà Mẹ́tálọ́kan ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ ará àdúgbò mọ́. Òmíràn ti Súúrùlérè wá, òmíràn ti Ìkòròdú, òmíràn sì ti Mówé, tó ti wọ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn bàbá wọn àgbà ló gbé Erékùṣù Èkó. Ilé ti di ilé ìtajà, ọmọ ti kó lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ṣì wà nínú ìwé ìjọ, wọn kò sì fẹ́ kí ó parẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti Olówógbowó.

Àlejò tó bá wọlé yóò rí ohun tó wu ojú. Akọrin á tò wọlé nínú ẹ̀wù wọn, dùùrù á máa dún, wọn á pe nọ́ńbà orin, gbogbo ìjọ á dìde. Tí ó bá di àsìkò ìdúpẹ́, ìlù á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dùùrù. Ìdílé tó sọ ọmọ lórúkọ, tàbí tó sin òkú àgbà, á jó lọ síwájú pẹpẹ, tẹbí tọ̀rẹ́ á tẹ̀lé wọn tìlù tìfọn. Nígbà tí àlùfáà bá súre tán, àlejò á rò pé òun ti rí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tán. Kí ó dúró díẹ̀ sí i. Yóò rí àwọn ènìyàn tí wọ́n kóra jọ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: àwọn kan ní ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn kan lábẹ́ fáànù, àwọn kan nínú yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Àgbàlagbà kan ń ṣí ìwé, ó ń pe orúkọ. Wọ́n ń béèrè pé: Ta ni kò sí níbí? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń fi tẹ ilẹ̀? Ọmọ yẹn, ṣé ó ti rí iṣẹ́? Kíláàsì nìyẹn. Orúkọ olórí ni wọ́n sábà fi ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ọmọ ìjọ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kan.

Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà. Ilé ńlá náà dára, orin dùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wó ilé tí kíláàsì sì kù, ìjọ kù. Ìtàn ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìtàn náà ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni John Wesley, kò sì fi ìjọ yẹn sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1791. Ní 1739 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní gbangba fún àwọn awakùsà èédú ní ẹ̀bá ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yẹn kan náà ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́ ilé ìpàdé kan síbẹ̀, tí wọ́n pè ní New Room. Gbèsè ilé náà wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní oṣù Kejì ọdún 1742 wọ́n jókòó láti wá ọ̀nà àtisan án. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy ní kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Ẹlòmíràn fèsì pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní pẹ́nì. Foy ní kí wọ́n kó mọ́kànlá tó tálákà jù fún òun. Òun yóò máa lọ kí wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá lè san, kí ó san, ẹni tí kò bá lè san, òun yóò san án fún un. Àwọn mìíràn dìde, wọ́n ní àwọn náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn agbowó ń lọ láti ilé dé ilé, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Wọ́n bá aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n bá ọmùtí. Wọ́n bá ẹni tí ìgbé ayé rẹ̀ kò bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu. Wọ́n sọ fún Wesley, ó sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ohun tí òun ti ń wá ló bọ́ sí òun lọ́wọ́ yìí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pín gbogbo ìjọ sí kíláàsì, bí ènìyàn méjìlá méjìlá. Obìnrin wà lára àwọn olórí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí obìnrin kò ní àṣẹ kankan ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àlùfáà á bi olúkúlùkù léèrè bí ọkàn rẹ̀ ti wà, á sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ ìjọ.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí Áfíríkà. Ní 1792, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ti gbé ní Nova Scotia, wọkọ̀ ojú omi wá sí Freetown ní Sàró. Mẹ́tọ́díìsì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn oníwàásù wọn ni Moses Wilkinson, ẹrú tẹ́lẹ̀ ní Virginia, afọ́jú tí kò lè rìn dáadáa. Àwọn ènìyàn yìí ní kíláàsì, wọ́n ní olórí, wọ́n ń wàásù, wọ́n ń sin òkú wọn. Ọdún 1811 ni àlùfáà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Gẹ̀ẹ́sì rán, George Warren, tó dé bá wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni wọ́n fi dá ìjọ ṣe.

Ní Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Fàńtì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ ní 1831 láti ka Bíbélì. William de Graft wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n bẹ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Captain Potter, kí ó bá wọn ra Bíbélì bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ló fa á tí Joseph Dunwell fi dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1835. Kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, ibà ti pa á. Ìjọ tó bá níbẹ̀ kò bá a kú.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni tiwa. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó, tí wọ́n tà, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, ni wọ́n kó lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti di onígbàgbọ́, tí wọ́n sì ti wọ kíláàsì. Nígbà tí ọdún 1840 ń súnmọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn kan dúró ní Àgbádárìgì, àwọn mìíràn gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ń gbàdúrà fúnra wọn. Ní 1841, ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní Àgbádárìgì, James Ferguson, kọ lẹ́tà sí Freetown, ó ní kí wọ́n fi àlùfáà ránṣẹ́. Thomas Birch Freeman ló gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà rí. De Graft tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló bá a wá. Nínú oṣù Kejìlá, Freeman lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí ìlú náà, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó padà sí Àgbádárìgì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà.

Mo rò pé ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ. Ní Freetown, ní Cape Coast, ní Àgbádárìgì, ìjọ ti wà kí àlùfáà tó dé. A ti gbọ́ ọ jù pé òyìnbó ló gbé ìjọ yìí wá fún wa. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ka àwọn tó ń pe ara wọn jọ láti gbàdúrà sí ènìyàn. Lẹ́tà Ferguson ló pe Freeman.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó ní 1851, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Freetown padà wálé, rọ́ wọ ibẹ̀, Olówógbowó sì di àdúgbò wọn. Ìjọ ń gbilẹ̀, ilé ìwé ń tẹ̀lé e: Methodist Boys' High School ní 1878, ti àwọn obìnrin ní 1879, Wesley College ní Ìbàdàn ní 1905. Nnamdi Azikiwe kàwé ní ti àkọ́kọ́, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ ti ìkẹyìn ní 1927. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé tó ìjókòó kan lọ́tọ̀, n kò ní dúró lé e lórí.

Ohun kan wà nínú òfin Mẹ́tọ́díìsì tí àlejò kì í mọ̀. Àlùfáà kì í pẹ́ jù lójú kan. Ìpàdé àpapọ̀ ìjọ ló ń rán an, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀, òmíràn á dé. Oníwàásù tó gun pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú lè jẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí oníṣòwò, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ètò ìwàásù. Nítorí náà, àwọn tó mọ ilé ìyá rẹ, tó mọ ìgbà tí o ṣe àṣìṣe àti ìgbà tí o ronú pìwà dà, ni àwọn olórí kíláàsì. Àlùfáà lè kí ọ káàbọ̀ láìmọ̀ pé o ti sọnù láti oṣù mẹ́fà. Olórí kíláàsì yẹ kó mọ̀.

Ìjọsìn wọn náà, láti inú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ló ti wá. Ẹ wo àìsùn. Àwọn awakùsà Kingswood nítòsí Bristol, tí wọ́n máa ń fi alẹ́ ọjọ́ Sátidé mutí, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òru gbàdúrà kọrin lẹ́yìn tí wọ́n yí padà. Wesley rí i, inú rẹ̀ dùn sí i, ó sì sọ ọ́ di ìsìn fún gbogbo ìjọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1742. Lónìí, ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún ń parí, ẹni tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti oṣù Kìn-ín-ní á wá ṣọ́ọ̀ṣì kan wọ̀ ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìsìn Májẹ̀mú, tí Wesley kọ́kọ́ ṣe ní London ní oṣù Kẹjọ ọdún 1755, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ń ṣe báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Gbogbo ìjọ á jọ jọ́wọ́ ara wọn fún Ọlọ́run lákọ̀tun, lẹ́yìn náà wọn á gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nínú gbogbo ìsìn wọn, òun ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sí aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀gá báńkì àti ẹni tó ń gbá ilẹ̀ báńkì á jọ ka ọ̀rọ̀ kan náà.

Ti orin ńkọ́? Charles Wesley, àbúrò John, kọ orin tó ju 6,000 lọ. Ní 1761, John fúnra rẹ̀ tẹ ìlànà bí a ti ń kọrin jáde: kí gbogbo ènìyàn kọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ tokuntokun, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ké bo ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ àwọn orin wọ̀nyí sí Yorùbá, ìṣòro kan bá wọn wá, nítorí ohùn orin òyìnbó kì í wo ohùn ọ̀rọ̀ wa kó tó gòkè tàbí kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn arúgbó kọ́ àwọn orin náà sórí síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n mọ ìtumọ̀ wọn látinú ìgbé ayé wọn. Ṣùgbọ́n orin tí Yorùbá fi ẹnu ara rẹ̀ dá, tí ìlù ń gbè lẹ́yìn, ló ń gbé wọn dìde lórí ìjókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó wá di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà ní 1972, ti tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1965 pé kí ìjọ wa ní àwọ̀ ilẹ̀ wa. Mo fara mọ́ ọn. Òfin tuntun tó sọ ọ́ di Pátíríákì ní 1976 ló fa ìyapa ńlá nínú ìjọ náà, títí wọ́n fi parí ìjà ní 1990.

Ìkórè ni ọjọ́ tí ojú gbogbo ìlú máa ń tó ìjọ. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ wá. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọ̀n èso, adìyẹ, á kún iwájú pẹpẹ. Bí ìsìn bá parí, wọn á ta wọ́n ní gbànjo. Èso kékeré kan lè gun owó tí kò ṣeé gbọ́ sétí, nítorí ẹni tó rà á mọ̀ pé ìjọ lòun ń fún lówó. Àwọn ìyá ìjọ ló máa ń dáná, tí wọ́n ń pín oúnjẹ, tí wọ́n sì ń rántí ẹni tí kò lè wá.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Ní 1917, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó yọ àwọn àgbà ọmọ ìjọ kan lẹ́gbẹ́ nítorí pé wọ́n ní ju ìyàwó kan lọ. Àwọn ọkùnrin náà jáde, wọ́n dá United African Methodist Church sílẹ̀, èyí tí ará Èkó mọ̀ sí Ìjọ Ẹlẹ́ja. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ju orúkọ Mẹ́tọ́díìsì nù. Ẹni tó ti jẹ́ olórí rí mọ bí a ti ń kó ènìyàn jọ, kò sí ìwé ìyọlẹ́gbẹ́ tó lè gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti owó kíláàsì. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ìwé orúkọ ti di ìwé gbèsè. Ọmọ ìjọ á kú, ìdílé rẹ̀ á lọ fi tó ìjọ létí, akọ̀wé á ṣí ìwé, wọ́n á ní olóògbé jẹ owó ọdún mẹ́jọ, kí wọ́n san án kí àlùfáà tó sin òkú. Àwọn ọmọ á yáwó, wọ́n á san án, wọ́n á sì fi ìbínú kúrò nínú ìjọ. Mo mọ̀ pé ìjọ nílò owó, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ní in tí wọn kò fẹ́ san. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi akọ̀wé: nínú ọdún mẹ́jọ yẹn, ta ló lọ wo olóògbé? Bí ẹnikẹ́ni kò bá lọ, olóògbé nìkan kọ́ ló jẹ gbèsè. Foy ní òun yóò san fún ẹni tí kò ní. Ẹni tó gba owó lórí òkú tálákà, tó sì pè é ní àṣà Mẹ́tọ́díìsì, ti yí àṣà náà dà sódì.

Òtítọ́ ni pé ìlú ti yí padà. Nígbà tí gbogbo kíláàsì wà láàrin Olówógbowó sí Tinúbú, olórí lè fi ẹsẹ̀ rìn kí ọmọ ìjọ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Báyìí, ọ̀kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Àjá, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ sì lè gba odindi ọ̀sán. Kíláàsì tó yẹ kó ní méjìlá ti ní ọgọ́ta. WhatsApp ń ṣèrànwọ́: ìròyìn àìsàn ń tètè dé, àdúrà ń tètè lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bà jẹ́ lọ́kàn mọ bí a ti í kọ "àmín" síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ó di ìgbà tí ènìyàn bá rí ojú rẹ̀, tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a tó mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi àdúgbò pín kíláàsì, kí àwọn ará Ìkòròdú máa pàdé ní Ìkòròdú láàrin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì tún pàdé gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ padà sí ènìyàn méjìlá. Ẹ yan àwọn ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣe igbákejì olórí, nítorí ẹsẹ̀ wọn yá. Kí àwọn tó rí já jẹ nínú kíláàsì dá àpò kan sílẹ̀ tí yóò máa san owó ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, láìdárúkọ rẹ̀ síta. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ lè mú èyí tó bá yín mu níbẹ̀.

Ẹ̀yin olórí kíláàsì tó ń gbọ́ mi ní Èkó, ní Agbẹni ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti níbi gbogbo, iṣẹ́ kan ni mo bẹ̀ yín lálẹ́ yìí. Ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ má wo ojú ibi tí ẹ kọ owó sí. Ẹ wá orúkọ ẹni tí ẹ kò tíì fojú kàn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì pè é lórí fóònù kí ẹ tó sùn.